Ọkọ̀ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Má Pè

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Mo ti sọ ọ́ níbi iṣẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní mo ti tún bẹ̀rẹ̀ àwàdà mi. Nítorí náà, ẹ wà ní àyè yín tí ẹ bá fẹ́ pè mí ní onírọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí ẹ ń wò yìí, ọkùnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ìjọba àti òfin ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sínú ilé ìwẹ̀ ara mi ní Becontree, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó lè gbà mí. Èmi fúnra mi ni mo mú kí ìyàwó mi fi Bíbélì búra pé, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ sí mi, kò gbọdọ̀ pe áńbúláǹsì.

Ikú kò bà mí lẹ́rù tó bíìlì.

Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Mo mọ̀ yín. Ẹ wà ní Dagenham, ẹ wà ní Longbridge, àyà ń dùn yín, ẹ sì ń ṣírò ohun tó máa ná yín kí ẹ tó ṣírò ohun tó fẹ́ pa yín. Ẹ jókòó, kí n sọ tèmi fún yín.

Orí àtẹ̀gùn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ àwọn ilé Becontree mọ àtẹ̀gùn wọn: ó tóóró, ó sì dúró ṣánṣán bí àkàbà tí wọ́n gbé ti ògiri. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, mo dé àárín, ni ó bá dà bíi pé ẹnì kan gbé ọlọ lé mi láyà, ọlọ gidi tí wọ́n fi ń lọ ata, tí onítọ̀hún sì tún jókòó lé e. Mo dúró. Mo di igi àtẹ̀gùn mú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó lọ. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀bà alẹ́ àná ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú kì í ṣàdédé fẹ̀sùn kan gàrí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo fẹ̀sùn kàn án.

Ó tún wá níbi iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Èmi ni mò ń ti kẹ̀kẹ́ búrẹ́dì láti ẹnu ààrò lọ síbi tí wọ́n ti ń dì í. Lọ́tẹ̀ yìí, kò mọ sí àyà nìkan. Àgbọ̀n ń ro mí bí ẹni tí eyín ń dùn. Apá òsì mi wúwo bíi pé kì í ṣe tèmi. Mo jáde lọ sínú òtútù kí n lè mí, òógùn sì ń ṣàn lára mi níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń ká ọwọ́ mọ́ àyà nítorí òtútù. Nígbà tí ó fi mí sílẹ̀, mo padà sídìí kẹ̀kẹ́ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin pa á mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí léèrè.

Mo gbìyànjú láti rí dókítà àdúgbò wa. Ẹ̀yin náà mọ ìjà aago mẹ́jọ àárọ̀: gbogbo ayé ń pe nọ́ńbà kan náà, orin tí wọ́n ń kọ sí ọ létí dùn níbẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá yá ó á di orin ìsìnkú. Nígbà tó sú mi, mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ, mo tò sẹ́yìn àwọn ìyálọ́mọ àti àwọn arúgbó. Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì bi mí ohun tó ń ṣe mí. Mo ní àyà ń dùn mí díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ojú sókè.

Ó ní, "Ṣé ó ń dùn ọ́ báyìí?"

Mo ní rárá.

Ó wá ọjọ́ tí wọn á gba ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó kọ ọ́ fún mi. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n tó bá tún wá, má ṣe dúró de ọjọ́ yìí. Pe nine-nine-nine lójú ẹsẹ̀, kí áńbúláǹsì wá gbé ọ."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú mi lọ́hùn-ún, mò ń sọ pé: àwọn tó ni ìlú ni kó sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Ibi tí ẹ̀rù mi ti wá nìyí. Ẹbí wa ní agboolé kan lórí fóònù. Gbogbo wa la wà níbẹ̀: àwa ti Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ti Ìjẹ̀bú, àti ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Káyọ̀dé, tó wà ní Houston. Ní ọdún kan sẹ́yìn, Bọ̀dá Káyọ̀dé dákú níbi iṣẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe áńbúláǹsì. Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, téèyàn bá dúró lójú fèrèsé ilé iṣẹ́ rẹ̀, á rí i. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ìgbà tó yá ni bíìlì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: ti dókítà lọ́tọ̀, ti ẹni tí kò rí rí lọ́tọ̀, ti ọkọ̀ ló wá burú jù. Ó ní inṣọ́ránsì, o. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọkọ̀ náà kò sí lára àwọn tí inṣọ́ránsì rẹ̀ mọ̀. Ẹni tó dákú, wọ́n fẹ́ kó ṣa ọkọ̀!

Ohùn tó fi ránṣẹ́ sí agboolé wa lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ ọ́n sórí. "Ẹ gbọ́ o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun. Tí ẹ bá ṣubú, ẹ dìde. Tí ẹ ò bá lè dìde, ẹ rá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé yín sínú ọkọ̀ yẹn. Fèrè tó ń dún lórí rẹ̀ pàápàá, ó dá mi lójú pé wọ́n ṣírò ẹ̀ mọ́ mi."

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn: Amẹ́ríkà ló ti ṣẹlẹ̀, Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti fi iyọ̀ àti ata sí i, Becontree ló ti fẹ́ pa èèyàn. Lójú ẹbí wa, òkè òkun kan ṣoṣo ló wà láyé, òfin ibi kan sì ni òfin ibi gbogbo. Èmi tí mo kọ́ àwọn ọmọ pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, mo gbàgbé ẹ̀kọ́ ara mi.

Nígbà tí mo wá jẹ́wọ́ ohun tó ń ṣe mí nínú agboolé náà, gbogbo wọn di dókítà.

Àbúrò mi obìnrin, Ṣadé, tó wà ní Ìjẹ̀bú, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bọ̀dá mi, ẹ gún aáyù, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ máa lá a láàárọ̀."

Bọ̀dá Káyọ̀dé ní, "Gáàsì ni. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀bà lálẹ́ bíi tìẹ, kí ló tún ń wá?"

Ìyàwó mi, Fọlákẹ́, gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Bọ̀dá, gáàsì wo ló ń di apá mú?"

"Ìyá Tóbi, ẹ̀yin ẹ lọ kọ́ wọn ní ìṣirò. Èmi ni mo mọ àbúrò mi."

Ìṣirò ni Fọlákẹ́ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Dagenham. Iṣẹ́ yẹn ló gbé wa wá. Ìyàwó mi dá fóònù padà fún mi bí ẹni dá aṣọ ìdọ̀tí padà.

Ṣadé kò dúró síbi aáyù. Ó fi àgbo ránṣẹ́ nípasẹ̀ ẹnì kan tó ń bọ̀, nínú ìgò omi, dúdú bí ọ́ìlì ọkọ̀ tó yẹ kí wọ́n ti pààrọ̀. Díẹ̀ ta sílẹ̀ nínú síńkì wa nígbà tí Fọlákẹ́ ń ṣí i. Nígbà tó nù ún kúrò, ibẹ̀ ń dán gbinrin ju ibi yòókù lọ.

Ó ní, "Bàbá Tóbi, tó bá lè ṣe báyìí sí síńkì, kí ló máa ṣe sí ẹ̀dọ̀ yín?"

A kò mu ún. Àmọ́ a kò jù ú nù. Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ látilé kì í ṣe jíjù nù. Ìyá Àdúrà, àgbà obìnrin tó ń gbàdúrà fún wa ní ìjọ aláṣọ funfun wa, tó ń gbé ní Marks Gate, fi òróró kùn mí láyà, ó ní kí n máa wá gba omi ìyè lọ́dọ̀ òun. Aáyù láàárọ̀, omi ìyè lọ́sàn-án, òróró lálẹ́, ọlọ ṣì ń padà wá bó ṣe wù ú. Gbogbo ẹni tó fẹ́ràn mi ti yí mi ká, wọ́n sì há mi mọ́. Kò sí ẹni tí mo lè sọ fún pé ẹ̀rù ń bà mí, nítorí èmi ni aláwàdà ilé.

Lọ́jọ́ kan nígbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, ó mú mi níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà Longbridge. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń díbọ́n pé okùn bàtà ni mò ń so. Bàtà tí mo wọ̀ kò ní okùn. Fọlákẹ́ yọ fóònù. Mo gbá a lọ́wọ́ mú.

Nígbà tí a délé, mo gbé Bíbélì lé e lọ́wọ́. Mo ní, "Búra."

"Kí ni mo fẹ́ búra sí?"

"Pé bí mo bá ṣubú, Jìdé ni o máa pè." Bọ̀dá Jìdé jẹ́ ọmọ ìjọ wa, ó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé èrò. "O ò gbọdọ̀ pe áńbúláǹsì. A máa tó tún físà wa gbà. Wọ́n ní gbèsè ilé ìwòsàn lè dí èèyàn lọ́nà. Ṣé kí gbogbo wa padà nítorí àyà mi? Tóbi tó wà ní yunifásítì ńkọ́?"

"Tí ẹ bá wá kú ńkọ́?"

Mo ní, "Òkú kì í gba bíìlì." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn mí láyà.

Fọlákẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Opó ló máa gbà á." Ṣùgbọ́n ó búra. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá búra, mi ò ní sùn. Fọlákẹ́ kì í ṣe ẹni tí ń búra ṣeré. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò gbọ́ ìbúra lẹ́nu rẹ̀ rí àfi lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo wọ ilé ìwẹ̀. Lẹ́yìn kíṣìnì ló wà nílé wa, ó kéré bí àpótí aṣọ, inú ni ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń ṣí sí. Mo tẹ̀ síwájú láti bu omi sójú, ọlọ náà sì já lé mi láyà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣubú sí àárín ọpọ́n ìwẹ̀ àti ilẹ̀kùn. Ara mi ni mo fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi.

"Bàbá Tóbi! Kí ló ṣubú yẹn?"

Mo fẹ́ dáhùn. Ohùn kò jáde. Fọlákẹ́ ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn gbá mi níbàdí, ó dúró síbẹ̀. Mò ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn pákó yẹn bí ẹni ń gbọ́ rédíò, ṣùgbọ́n rédíò kì í gbọ́ tẹni.

Ó pe Bọ̀dá Jìdé, ó ṣí sípíkà fóònù. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin náà ketekete.

"Sísítà, mo wà lójú ọ̀nà A13 o. Ọkọ̀ ò rìn rárá. Ẹ ní sùúrù, mò ń bọ̀."

"Ìgbà wo?"

"Tí wọ́n bá ti ṣí ọ̀nà báyìí. Kí ló dé? Ṣé ibi ìnáwó kan lẹ ń lọ ni?"

Fọlákẹ́ pa fóònù. Ó kúnlẹ̀ sídìí ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ nítorí pé ohùn rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ wá síbi tí etí mi wà. "Bàbá Tóbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú mi sílẹ̀. Ẹ kàn sọ pé kí n pè wọ́n. Tí ẹ ò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan péré. Màá mọ̀ pé ẹ gbà."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo gbà. Mo ti gbà láti ìgbà tí orí mi ti kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi ara mi tẹ ọwọ́ ọ̀tún mọ́lẹ̀. Ọwọ́ òsì ló wà lófo, òun sì ni kò gbọ́ tèmi mọ́. Mò ń wo ìka mi, mò ń bẹ̀ wọ́n. Wọn ò mira. Ẹni tó de okùn yìí ni kò lè tú u. Bí wọ́n bá bi mí bí inú pósí ṣe rí, mo lè ṣàlàyé díẹ̀ níbẹ̀.

Fọlákẹ́ dìde. Ó pe Ìyá Àdúrà.

"Ìyá, ọkọ mi ti ṣubú, ó ti há sílé ìwẹ̀, kò dáhùn. Mo sì ti búra pé mi ò ní pe áńbúláǹsì."

"O búra? Fún ta ni?"

"Fún òun náà ni, Ìyá. Bíbélì ni mo fi búra."

Mo ní nínú ọkàn mi pé ó parí. Ìyá máa ní kó ka Sáàmù. Ìyá máa ní kó wọ́n omi sẹ́nu ilẹ̀kùn, kó yí i ká lẹ́ẹ̀meje. Ohùn Ìyá ni mo tún gbọ́.

"Fọlákẹ́, ṣé ò ń gbọ́ mi? Ẹni tó ní kóo búra ló ń kú lọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Èwo ni Ọlọ́run máa bi ọ́, ìbúra tàbí ọkọ? Pè wọ́n!"

"Ìyá, ṣé kí n kọ́kọ́ wá gba omi ìyè…"

"Omi wà nínú fìríìjì mi, kò ní bàjẹ́! Pa fóònù mi, kóo pè wọ́n. Tí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà níbẹ̀, kí Ọlọ́run kọ ọ́ sí mi lọ́rùn. Mo ti dàgbà, mo lè rù ú."

Mo gbọ́ tí Fọlákẹ́ ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ń sọ nọ́ńbà ilé wa, ohùn rẹ̀ le bí ohùn tíṣà tó ń ka orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì. Ẹ máa rò pé ọpẹ́ ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Irọ́ ni. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé: ó ti tán, mítà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Àwọn méjì ló wá, ọkùnrin gíga kan àti obìnrin tín-ínrín kan tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Obìnrin náà fi ẹ̀gbẹ́ wọlé láti ibi tí ilẹ̀kùn ṣí mọ, ó kúnlẹ̀ sínú ọpọ́n ìwẹ̀ wa pẹ̀lú bàtà, ó fún mi ní oògùn kan, ó ní kí n rún un. Díẹ̀díẹ̀ ohùn mi padà. Mo fi gbogbo agbára tó kù sí mi lára bi í pé, "Èló ni?"

"Èló ni kí ni, dáálíǹ?"

"Ọkọ̀."

Ó wò mí. Ó wo ẹnìkejì rẹ̀. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni kì í sanwó fún ọkọ̀ wa. Rún oògùn yẹn."

Mi ò gbà á gbọ́. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, kí wọ́n sọ fún mi pé ọ̀fẹ́ ni! Nígbà tí wọ́n gbé mi sínú ọkọ̀ tán, mo di apá aṣọ rẹ̀ mú, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má fọn fèrè. Mo ní mi ò nílò rẹ̀. Mo ní wọ́n lè sọ̀ mí kalẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti sún mọ́ ọn, màá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin gíga yẹn sì fọn ọ́n. Bó ṣe ń ké ni ọkàn mi ń ṣírò. Ẹsẹ̀ mi ni Fọlákẹ́ dì mú nínú ọkọ̀ náà nítorí pé ibòmíràn kò ṣófo. Ó ní, "Bàbá Tóbi, ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọn ọ́n."

Ní ilé ìwòsàn, mi ò tò. Tààrà ni wọ́n ń tì mí lọ. Dókítà kan sọ fún mi, lọ́nà tó yé mi, pé ọ̀kan lára àwọn òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn mi ti dí, àti pé àwọn fẹ́ gba ọrùn ọwọ́ mi wọlé láti là á. Ojú mi là sílẹ̀. Mo rí ọkàn ara mi lórí tẹlifíṣọ̀n wọn, ó ń fò sókè sódò bí ẹja tí wọ́n fà yọ. Mo mọ ìgbà tí wọ́n gbé ọlọ náà kúrò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́; mo mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé wọ́n ti sọ ẹrù kalẹ̀ lórí òun.

Ṣé ẹ rò pé mo wá fara balẹ̀? Wọ́n tẹ́ mi sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n so wáyà mọ́ mi láyà bí àgbò iléyá. Ibi yòówù kí n yíjú sí, nǹkan tó ń ná owó ni mò ń rí. Wọ́n gbé oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ wá. Mo ní mò ń gbààwẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo àtẹ, ó wò mí, ó ní, "Lónìí?" Mo bi í bóyá mo lè lọ sùn sílé kí n padà wá láàárọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo mọ àwàdà í ṣe. Ẹ wo ìyà tó ń jẹ aláwàdà: ọjọ́ tó bá sọ òótọ́, ẹ̀rín ni wọ́n máa rín.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe wà báyìí, nítorí àwọn kan ń kàwé yìí pẹ̀lú ọwọ́ láyà. Mo wà láàyè. Mo ti padà sílé iṣẹ́ búrẹ́dì, wọ́n fún mi ní iṣẹ́ tí kò ní kẹ̀kẹ́ nínú. Mò ń lo oògùn láràárọ̀. Ti oògùn yẹn ni mò ń san díẹ̀ sí ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, mi ò ní purọ́ fún yín. Mò ń rìn yí páàkì ká, mo ti dín ẹ̀bà alẹ́ kù, Fọlákẹ́ ló ń bù ú, ó sì ń bù ú bí ẹni bu oògùn. Ó ṣì máa ń rẹ̀ mí. Ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí tí nǹkan bá ta mí láyà, kódà tó bá jẹ́ ẹ̀fọn ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi ni pé, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, áńbúláǹsì tó wá gbé yín nígbà pàjáwìrì kò ní béèrè owó lọ́wọ́ yín. Yàrá pàjáwìrì tó gbà yín wọlé kò ní béèrè. Bóyá ẹ ní ìwé ni o, bóyá àlejò ni yín. Tó bá jẹ́ pé ẹ wá kí ọmọ yín lásán, tí wọ́n sì dá yín dúró sí wọ́ọ̀dù, ìyẹn ni wọ́n lè gba owó lé, owó náà sì lè pọ̀. Nítorí náà, kí ìyá tàbí bàbá yín tó wọ bàálù, ẹ bá wọn ra inṣọ́ránsì ìrìn àjò. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ owó lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó o níbẹ̀, kí ẹ má dúró dìgbà tó bá bá yín lójijì. Tó bá ju agbára yín lọ, ẹ sọ pé díẹ̀díẹ̀ lẹ fẹ́ máa san. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí kò lè dúró, wọn kò gbọdọ̀ ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó. Ẹ kọ́kọ́ yè ná. Gbèsè ṣeé bá jà, ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìwé òfin, ẹ rántí: òkú kì í pẹjọ́.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Fọlákẹ́ ti dé, ó jókòó tì mí. Obìnrin kan wọlé, ó ti kọ̀ǹpútà lórí tábìlì onítáyà síwájú. Kò wọ aṣọ nọ́ọ̀sì. Ó kí wa, ó bi mí lórúkọ, ó bi mí ìgbà tí mo dé ìlú yìí, ó bi mí irú físà tí mo ní. Bó ṣe ń béèrè ni ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ mi láyà bẹ̀rẹ̀ sí í ké kíkankíkan. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Mo ní kí wọ́n má bínú, obìnrin yìí ló ń lé ọkàn mi.

Obìnrin náà tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó ní, "Ó wà níbí. Ẹ ti san owó ìlera nígbà tí ẹ ń gba físà. Ẹ ò jẹ wá ní nǹkan kan."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. A ti san án! Ejẹ́ńtì wa ní Èkó ló kó gbogbo owó pọ̀ sójú kan, ó ní "owó físà nìyí", àwa náà sì kà á fún un láìbéèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Fọlákẹ́ olùkọ́ ìṣirò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó fi gèlè rẹ̀ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tí mo fà á kúrò lójú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.

Mo mú fóònù, mo pe Bọ̀dá Káyọ̀dé. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ kò tíì mọ́ lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè jí lọ síbi iṣẹ́. Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ọkọ̀, fèrè, oúnjẹ tí mo kọ̀.

Ó ní, "Wọn ò gba kọ́bọ̀?"

"Wọn ò gbà, Bọ̀dá mi."

Ó wá ní, "O ṣoríire." Bó ṣe sọ ọ́ kò dùn mọ́ mi; ó dá ọ̀rọ̀ kékeré yẹn sí méjì láti mí.

"Bọ̀dá mi, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan. Láti ìjẹta ni. Tí mo bá ti rìn díẹ̀, mo máa ní láti dúró. Apá yìí náà…"

"Ẹ ti pè wọ́n?"

"Pe ta ni? Dàpọ̀, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù nibí. Mi ò tíì san ti àkọ́kọ́ tán." Ó tún mí. "Àkókò iṣẹ́ mi ti tó. Má sọ fún Bísí o."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo pa fóònù rẹ̀, mo sì pe ìyàwó rẹ̀. Ó dún títí kó tó gbé e, oorun ṣì kún ohùn rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù yìí, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ilẹ̀ ò tíì mọ́ níbí ni?"

Mo ní, "Àǹtí Bísí, ẹ má bínú. Ẹ dìde, ẹ tan iná, ẹ lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kí Bọ̀dá Káyọ̀dé jáde."